Gíà Àfọwọ́yí àti Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì ní Abidjan

Yíyọ gíà aládàáṣiṣẹ́ kúrò lára ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì alágbára, kí a sì fi gíà àfọwọ́yí rọ́pò rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣe ní ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Gíà àfọwọ́yí ni èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí láti ipele kan sí òmíràn, lẹ́yìn tó bá ti fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Gíà aládàáṣiṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọ̀tọ́mátíìkì, ń yí fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìfẹ́ ọkọ̀ wíwà ni ó sábà máa ń mú ènìyàn ṣe irú ìpààrọ̀ yìí. Ní Abidjan, àtúnṣe ni ó ń fà á: ọkọ̀ tí ẹni tó wà ládùúgbò lè tú palẹ̀, tí a sì lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà lọ́jà, ni ọkọ̀ tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìtàn èbúté, ọkọ̀ akérò, ọjà àlòkù àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni a gbọ́dọ̀ tọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni.

Iṣẹ́ tí gíà ń ṣe

Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, tàbí tí ó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, agbára ìyípo ni ó nílò jù. Nígbà tí ó bá ti ń lọ geere lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, eré ni ó nílò. Gíà ni ó dúró láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, òun ni ó sì ń sọ ọ̀kan di èkejì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ní ìwà tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Agbára ìyípo rẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà tí kò tíì yára yí, ṣùgbọ́n kì í lè yára yí tó ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù. Àyè tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò fẹ̀, nítorí náà ni yíyan ipele gíà tó tọ́ ní àkókò tó tọ́ fi ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì.

Ní ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ilé-iṣẹ́ Panhard et Levassor ní ilẹ̀ Faransé fi ìlànà gíà tí a ń fi ọ̀pá sún múlẹ̀. Gíà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn máa ń ké bí irin tó ń jẹ irin bí awakọ̀ kò bá mọ ọ̀nà tí a ń gbà yí i. Ní ọdún 1928 ni Cadillac ní Amẹ́ríkà mú ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ kí eré àwọn eyín irin méjèèjì dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn, èyí sì mú kí yíyí gíà rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tó sì di ọdún 1940, Oldsmobile ti ń ta ọkọ̀ tó ní gíà Hydra-Matic, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí epo pọ̀ ní ilẹ̀ wọn, gba gíà aládàáṣiṣẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù, tí epo wọ́n lọ́dọ̀ wọn, tí ọkọ̀ wọn sì kéré, dúró ti gíà àfọwọ́yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Côte d'Ivoire wà lábẹ́ ìjọba Faransé, ọkọ̀ Faransé ni ó sì kọ́kọ́ kún ojú ọ̀nà rẹ̀. Gíà àfọwọ́yí ni àwọn mẹkáníìkì Abidjan fi kọ́ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èbúté àti ọkọ̀ akérò

Abidjan di olú-ìlú Côte d'Ivoire ní ọdún 1934, lẹ́yìn Bingerville. Ní ọdún 1950 ni a ṣí ipadò Vridi, tó so ọ̀sà Ébrié pọ̀ mọ́ òkun, tí ọkọ̀ ojú omi ńlá fi lè wọlé. Láti ìgbà náà ni ìlú náà ti ń gbòòrò kíákíá. Kòkó àti kọfí ń ti ìgbèríko wọlé, ọkọ̀ àti ẹ̀yà ọkọ̀ sì ń gba èbúté jáde sí ìgbèríko.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1960, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ni a dá SOTRA sílẹ̀ láti máa fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ará Abidjan. Ṣùgbọ́n ìlú ń dàgbà ju bọ́ọ̀sì lọ. Àwọn tó ń gbé ní Abobo, Anyama, Yopougon àti Bingerville nílò ọkọ̀ mìíràn. Ohun méjì ni ó dí àyè yìí. Èkíní ni woro-woro, takisí tí àwọn èrò jọ ń wọ̀. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé iye owó rẹ̀ àtijọ́, tí í ṣe 30 fíránkì, ni wọ́n fi èdè Dioula sọ ọ́. Èkejì ni gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó dà bí dánfó ní Èkó. Lára àwọn ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ fi ṣe gbaka ni Renault tí wọ́n ń pè ní mille kilos, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kílò, nítorí ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì Japan àti ti Jámánì, irú bíi Toyota Hiace àti Mercedes, gbapò. Lọ́nà ìgbèríko, Peugeot 404 tí a fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó gbajúmọ̀ láti gbé èrò àti ẹrù pa pọ̀, kí ó tó di pé Hilux àti Land Cruiser gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ báyìí, gíà àfọwọ́yí ní àǹfààní tí olówó ọkọ̀ kò lè fojú fò. Bí bátìrì bá kú, ọmọ ọkọ̀ àti èrò lè ti ọkọ̀ náà títí tí yóò fi dáhùn. Gíà aládàáṣiṣẹ́ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, awakọ̀ lè fi gíà kékeré dá a dúró kí bíréèkì má baà gbóná jù. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àti ooru, ọ́ìlì gíà aládàáṣiṣẹ́ máa ń gbóná, bí ó bá sì gbóná jù, àwọn àwo tó wà nínú rẹ̀ á jó. Lékè gbogbo rẹ̀, gíà aládàáṣiṣẹ́ tó bá bàjẹ́ nílò irinṣẹ́ àti ìmọ̀ tí kò sí ní gbogbo igun ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwo kílọ́ọ̀ṣì ṣeé pààrọ̀ lábẹ́ igi.

Ọkọ̀ tó sọ pé ó dàbọ̀ sí Faransé

Ní oṣù Kìíní ọdún 1994 ni iye owó fíránkì CFA já sí ìdajì. Fíránkì Faransé kan, tí a ń fi 50 fíránkì CFA rà tẹ́lẹ̀, di 100. Ọkọ̀ tuntun, tí owó rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀, wá kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlòkù ni ó kù. Ohun tí a ń pè ní tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà ni àwọn ará Abidjan ń pè ní France au revoir, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń juwọ́ sí Faransé pé ó dàbọ̀.

Bí ọjà àlòkù ṣe ń gbòòrò ni orísun rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe Yúróòpù nìkan ni ọkọ̀ ti ń wá mọ́; àwọn kan ń ti Amẹ́ríkà wá, àwọn mìíràn ń ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá, gíà aládàáṣiṣẹ́ sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó ra píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì alágbára ní irú ipò yìí lè gbádùn rẹ̀ títí gíà náà yóò fi kọṣẹ́. Nígbà náà ni yóò wá ṣírò: gíà aládàáṣiṣẹ́ mìíràn wọ́n, ó sì ṣòro láti mọ bí àlòkù rẹ̀ ṣe lágbára tó kí a tó gbé e sínú ọkọ̀. Gíà àfọwọ́yí wà lọ́jà, mẹkáníìkì sì lè ṣí i, kí ó wo eyín rẹ̀, kí ó sì sọ èyí tó ti jẹ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe rán ọkọ̀ náà kọ́ ni Abidjan fi jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Abidjan nìkan kọ́ ni ó ń ṣe irú àtúntò bẹ́ẹ̀. Ní Suame Magazine, ní ìlú Kumasi ní Ghana, àwọn mẹkáníìkì ti sọ títún ọkọ̀ àlòkù tò di iṣẹ́ àdúgbò kan odindi. Ní Èkó, orí férémù ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 ni àwọn wẹ́dà kan ara mọ́lùẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ọkọ̀ tó ti òkè òkun dé jẹ́ ohun èlò tí a óò tún ṣe kí ó lè bá ọ̀nà ibẹ̀ mu.

Àwọn Ànàgó àti ọjà ẹ̀yà ọkọ̀

Ìpààrọ̀ gíà kò ṣeé ṣe láìsí ọjà tí a ti ń rí ẹ̀yà. Ní Abidjan, ọjà náà ni wọ́n ń fi èdè Faransé pè ní casse. Ti Adjamé àti ti Abobo wà lára àwọn tó ti lókìkí. Níbẹ̀ ni a ti ń tú òkú ọkọ̀ palẹ̀, tí a ń to ẹ́ńjìnnì sí ọ̀tọ̀, gíà sí ọ̀tọ̀, ilẹ̀kùn àti gíláàsì sí ọ̀tọ̀.

Ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá wọnú ìtàn òwò yìí. Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Côte d'Ivoire, ó sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, títí dé ibi pé a máa ń gbọ́ èdè Faransé àti Dioula ní àárín ìlú Èjìgbò, ọkọ̀ èrò sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Abidjan tààrà, gba Benin, Togo àti Ghana kọjá. Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó kúrò ní ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ padà sílé, àwọn kan sì tún ìgbésí ayé wọn bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire.

Òwò wẹ́wẹ́ ni àwọn Ànàgó fi gbajúmọ̀ ní àwọn ọjà bíi ti Treichville àti Adjamé: aṣọ, ohun èlò ilé, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ àti ti ọkọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ní láti ní ìbátan ní ìlú púpọ̀. Àwo kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí ní Abidjan lè wà ní Accra, ní Cotonou tàbí ní Èkó, ọ̀nà etíkun tó tó ẹgbẹ̀rún kílómítà láti Abidjan dé Èkó ni yóò sì gbà wọlé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìmọ̀ àwọn oníṣòwò nípa àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sì wà lára ohun tó mú kí ìpààrọ̀ gíà rọrùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ohun tí mẹkáníìkì kọ́kọ́ ń wá ni òkú ọkọ̀ tó jẹ́ irú kan náà, tó ní ẹ́ńjìnnì kan náà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ gíà àfọwọ́yí. Bí ó bá rí i, kì í ra gíà nìkan. Ó ń ra kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìtẹ̀ rẹ̀, páìpù ọ́ìlì rẹ̀, irin tó gbé gíà dúró lábẹ́ ọkọ̀ àti ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ra gíà nìkan yóò padà sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń sọ gíà aládàáṣiṣẹ́ kalẹ̀. Àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kò lè gba kílọ́ọ̀ṣì; wọ́n ní láti fi irin rìbìtì tó wúwo rọ́pò rẹ̀. Ní ojú ibi tí ọ̀pá gíà ti wọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, bẹ́árìn kékeré kan wà tí ó ń mú ọ̀pá náà dúró ṣinṣin. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, ọ̀pá yóò máa mì, kò sì ní pẹ́ tí gíà tuntun náà yóò fi bàjẹ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá fi ń mọ ọmọ iṣẹ́ tó ti gbọ́n.

Wọ́n á wá gé ihò fún ọ̀pá gíà ní ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á de ìtẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ̀gbẹ́ bíréèkì, wọ́n á sì gé ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí kí wọ́n fi kún un bí gígùn rẹ̀ kò bá bá gíà tuntun mu. Ọ̀pá tí a jó láìṣe déédéé rẹ̀ máa ń gbọn gbogbo ọkọ̀ bí eré bá ti pọ̀. Rìwáyà ló kàn. Nínú ọkọ̀ aládàáṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì kì í dáhùn àfi tí gíà bá wà ní ipò ìdúró (P) tàbí ní ipò tí kò wọ gíà kankan (N). Rìwáyà ní láti so wáyà náà pọ̀ lọ́nà mìíràn, kí ó sì wá wáyà fún iná ìfàsẹ́yìn.

Ibi tí agbára ti wọ ọ̀rọ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì. Bí agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì bá ju èyí tí àwo kílọ́ọ̀ṣì lè dì mú lọ, àwo náà á máa yọ̀, á máa rùn, á sì jó láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Land Cruiser tí a mọ̀ sí 1HZ, onílítà 4.2, tí kò ní túbò, kì í fa wàhálà púpọ̀, nítorí agbára ìyípo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 285 Nm lọ, kò sì ní kọ̀ǹpútà tó ń darí epo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ní túbò àti kọ̀ǹpútà ni ọ̀ràn ti ń le.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ pinnu

Ìtàn píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà fi hàn kedere bí agbára ṣe ń lé gíà àfọwọ́yí kúrò. Ní ọdún 1989 ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Cummins onílítà 5.9 wọ inú Dodge Ram, agbára ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 540 Nm. Ford kò fi gíà àfọwọ́yí sínú píkọ́ọ̀pù ńlá rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ti ọdún 2010. Ram nìkan ni ó dúró títí di ọkọ̀ ọdún 2018. Ní ọdún náà, ẹ́ńjìnnì Cummins tó wà pẹ̀lú gíà àfọwọ́yí ní nǹkan bí 895 Nm, nígbà tí èyí tó lágbára jù pẹ̀lú gíà aládàáṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 1,260 Nm. Àwọn Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ gíà àfọwọ́yí pẹ̀lú agbára gíga ní láti fúnra wọn pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ra kílọ́ọ̀ṣì tó lágbára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ.

Irú ìpinnu kan náà wà nínú Hilux tí gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀. Nígbà tí Toyota gbé ẹ́ńjìnnì onílítà 2.8 jáde ní ọdún 2015, ó fún èyí tó ní gíà àfọwọ́yí ní 420 Nm, ó sì fún aládàáṣiṣẹ́ ní 450 Nm. Ní ọdún 2020, ti aládàáṣiṣẹ́ di 500 Nm. Ti àfọwọ́yí dúró sí 420. Ẹni tó bá pààrọ̀ gíà ọkọ̀ 500 Nm láì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ kò rò lé gíà àfọwọ́yí náà lórí.

Òfin, ààbò àti ọjọ́ iwájú ẹ̀kọ́ṣẹ́

Gbogbo ọkọ̀ ní Côte d'Ivoire gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní ibùdó bíi ti SICTA tàbí Mayelia. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere: gbaka tó kún fún èrò kò gbọdọ̀ dúró lórí irin tí a jó láìtọ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn tó já lójú eré lè gbẹ̀mí ènìyàn púpọ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá tó mọṣẹ́ àti ti ẹni tó ń dá àrà lásán lè jọra lójú ẹni tó ń ra ọkọ̀, ìyàtọ̀ wọn kì í sì í hàn títí di ọjọ́ ewu.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba Côte d'Ivoire fi àṣẹ dín ọjọ́ orí àlòkù tó lè wọ orílẹ̀-èdè náà kù. Láti ọdún 2018, ọkọ̀ ara ẹni àti takisí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Èrò ìjọba ni láti dín èéfín àti ìjàǹbá kù, ohun rere sì ni fún ìlú tí èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń bà lára jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọlọ́dún márùn-ún ni ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ti gíà rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá yọ gíà kúrò, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń wá èkejì rẹ̀, bí kò bá sì rí i, ó lè dín agbára ọkọ̀ kù tàbí kí ó tan iná ìkìlọ̀ tí kò ní kú.

Nípa báyìí, ìmọ̀ tí ọ̀gá fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ láti ìgbà mille kilos ti dé oríta. Etí tó ń gbọ́ bí bẹ́árìn ṣe ń hó, ọwọ́ tó ń mọ eyín gíà tó ti jẹ, kò tó mọ́ fún ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ òde òní nílò ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àti ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. Àwọn kan ní Abidjan ti ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣì gbára lé àwọn ọkọ̀ tó ti wọlé kí òfin tó dé, èyí tí òkú wọn kún inú casse. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn bá ṣì ń gbé kòkó, iṣu àti èrò wọ Adjamé, a óò máa rí ẹni tó ń gbé gíà kan sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń gbé òmíràn sókè.